Owó chip mẹ́mọ́rì ń gun òkè: ṣé ká ra Micron sí i ni, àbí ká máa wá ọ̀nà àbájáde?

AjéÒkèèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Mo ní ìpín Micron, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe chip mẹ́mọ́rì, díẹ̀ lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ dá ìpinnu yìí ṣe. Ẹ wo ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2025. Owó tó wọlé fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ọdún ìṣúná 2026 wọn (tó ti bẹ̀rẹ̀ kí 2025 tó parí) jẹ́ bílíọ̀nù 13.64 dọ́là. Lọ́dún tó ṣáájú, bílíọ̀nù 8.71 ni irú oṣù mẹ́ta bẹ́ẹ̀ mú wọlé. Wọ́n tún ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 18.7 làwọn ń retí fún oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. HBM, ìyẹn mẹ́mọ́rì tó ń bá chip AI ṣiṣẹ́, tí wọ́n máa ṣe ní gbogbo 2026, wọ́n ní àwọn ti bá oníbàárà dúnàádúrà lé e lórí tán, àti iye tí wọ́n máa gbà àti owó tí wọ́n máa san.

Bí mo bá wá gbé iye ìpín náà ka orí èrè tí wọ́n ń retí, kò jọ pé ó wọ́n rárá. Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyẹn, torí ohun tí gbogbo ayé ń sáré lé kì í sábà pọ́ọ́kú. Nígbà tí owó chip bá ń gun òkè báyìí, ṣé kéèyàn rà sí i ni, àbí kó jókòó jẹ́ẹ́ lórí èyí tó ní? Kí ló sì yẹ kí n máa fojú sí?

Ṣàngbá_Fọ́

Rà á. Lẹ́yìn náà, rà á sí i. Ẹ ò rí i pé owó ń pariwo ni?

Àgbà_DRAM

Àbúrò, má dá Ṣàngbá lóhùn. Ọ̀rọ̀ "kò jọ pé ó wọ́n" tó o sọ yẹn ni ká kọ́kọ́ tú wò, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ olùdókòwò ti ń fẹsẹ̀ kọ.

Lọ wo ọdún ìṣúná 2018. Bílíọ̀nù 30.39 dọ́là ló wọlé fún Micron, èrè rẹ̀ sì jẹ́ bílíọ̀nù 14.14. Bí a bá pín in, ìpín kan pa dọ́là 11.51. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, nǹkan bíi dọ́là 60 ni wọ́n ń ta ìpín kan. Ìyẹn ni pé P/E rẹ̀, iye ìpín kan tí a fi èrè orí ìpín kan pín, fi díẹ̀ lé ní 5. Gbogbo ẹni tó ń fi P/E nìkan ra ìpín ló ń sọ pé ẹ̀dínwó dé. Kí Kérésìmesì tó dé, ìpín náà ti wà ní nǹkan bíi 30. Èrè orí ìpín kan bọ́ sí 5.51 ní 2019, ó tún bọ́ sí 2.37 ní 2020.

Àwọn tó ń tà á fún àwọn tó ń rà á ní 60 kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n mọ̀ pé dọ́là 11.51 yẹn kò ní dúró. Nínú òwò mẹ́mọ́rì, ìgbà tí èrè bá ga jù ni P/E máa ń kéré jù. Nígbà tí wọ́n bá sì ń pàdánù, kò sí P/E kankan láti wò. Ìṣirò tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń ta ọṣẹ tàbí oògùn kò ṣiṣẹ́ níbí.

ỌmọHBM

> Kí Kérésìmesì tó dé, ìpín náà ti wà ní nǹkan bíi 30.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí ìtàn náà. Ẹni tó rà á ní 30 yẹn, P/E rẹ̀ kò tó 3, ó sì jèrè gidi níkẹyìn. Ṣé P/E kékeré wá burú ni?

Àgbà_DRAM

Òótọ́ lo sọ, ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ìpín kì í dúró de èrè. Nígbà tó wà ní 30, èrè ṣì máa já wálẹ̀ fún odindi ọdún kan àti ààbọ̀, àmọ́ ọjà ti fojú rí i tán, wọ́n ti ta èyí tí wọ́n máa tà. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní 2023. Lọ́dún ìṣúná yẹn, Micron pàdánù bílíọ̀nù 5.83 dọ́là, owó tó wọlé já sí bílíọ̀nù 15.54, nígbà tó jẹ́ pé bílíọ̀nù 30.76 ni ní 2022. Síbẹ̀, ìpín náà gbéra láti nǹkan bíi 50 ní ìbẹ̀rẹ̀ January, ó sì parí ọdún náà ní nǹkan bíi 85. Ẹni tó ní òun máa dúró kí èrè tó fojú hàn kó tó rà, ọkọ̀ ti lọ kó tó dé ibùdó.

Bí a bá yí i padà, ohun kan náà ló ń sọ. Ìròyìn dáadáa tí à ń kà báyìí, bíi bílíọ̀nù 13.64 tí AjéÒkèèrè kọ yẹn, ti wà nínú owó ìpín.

AjéÒkèèrè

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí kò tíì yé mi ni pé kí ló pa ọjà ní 2018? Ṣé àwọn èèyàn ò ra fóònù àti kọ̀ǹpútà mọ́ ni?

Àgbà_DRAM

Wọ́n ń rà á. Láti ọjọ́ tí Intel ti gbé chip 1103 jáde ní 1970, tó jẹ́ DRAM, ìyẹn mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, iye mẹ́mọ́rì tí aráyé ń lò kò tíì dẹ́kun àtimáa pọ̀ sí i. Mi ò rántí ìgbà kan tí àìsí ẹni tó fẹ́ mẹ́mọ́rì pa iléeṣẹ́ mẹ́mọ́rì. Ohun tó ń pa wọ́n ni ọjà tí àwọn fúnra wọn ṣe jáde.

Ní 2017 sí àárín 2018, àwọn tó ní dátà sẹ́ńtà ńláńlá bẹ̀rù pé owó máa wọ́n sí i, wọ́n rà ju ohun tí wọ́n nílò lọ. Nígbà tí sítọ̀ọ̀ wọn kún, wọ́n sinmi rírà. Ní àsìkò yẹn kan náà, àwọn ẹ̀rọ tí Samsung, SK hynix àti Micron ti fi èrè ọdún tó kọjá rà ń tú ọjà jáde. Ẹ gbé chip DDR4 (irú DRAM kan) gígábíìtì 8 yẹ̀ wò, èyí tí àwọn oníròyìn ọjà máa ń fi ṣe òdiwọ̀n. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, owó àdéhùn rẹ̀ jẹ́ dọ́là 8.19. Kí 2019 tó parí, kò tó 3 mọ́. Ó ré bọ́ dé 1.30 ní 2023. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ó ṣì wà ní 1.35. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, ó ti lé ní 9.

Chip kan náà ni o. Kò yára sí i, kò dára sí i. Kódà chip àtijọ́ ni, àwọn tó ń ṣe é ti ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó wọ́n. Iléeṣẹ́ tí iye ọjà rẹ̀ lè fò ní ìlọ́po mẹ́fà láàárín ọdún kan, kí lo fẹ́ fi èrè ọdún kan ṣoṣo rẹ̀ wọ̀n?

Ṣàngbá_Fọ́

Tí owó bá já, kí wọ́n dín iṣẹ́ kù. Ṣé ìyẹn náà le ni?

Àgbà_DRAM

Ó le. Owó tó pọ̀ jù nínú chip mẹ́mọ́rì ti jáde kó tó di pé wọ́n ṣe chip náà. Ẹ̀rọ EUV kan, tí wọ́n fi ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán chip, láti ọ̀dọ̀ ASML lé ní mílíọ̀nù 150 dọ́là, ẹ̀rọ kan ṣoṣo nìyẹn nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún tó wà nínú iléeṣẹ́ náà. Bó o ṣe nǹkan jáde, bó ò ṣe é, ọjọ́ orí ẹ̀rọ ń lọ, ẹ̀rọ tuntun sì ń bọ̀ tó máa sọ tìrẹ di ògbólógbòó. Torí náà, bí owó ọjà bá ti borí iná, kẹ́míkà àti owó òṣìṣẹ́, ó sàn kó o ṣe é kó o tà á ju kó o ti ilẹ̀kùn lọ. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ tí àkókò ìgbéra rẹ̀ tó ni. Bí èrò márùn-ún péré ló wà nínú ọkọ̀, á gba ìdajì owó lọ́wọ́ ẹni kẹfà, torí epo máa jó náà ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo awakọ̀ ló ń ronú bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti ìgbà tí àwo sílíkọ́nì (pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ṣe chip sí lórí) bá ti wọlé dé ìgbà tí chip máa jáde tún ju oṣù mẹ́ta lọ. Èyí tó ń jáde lónìí, ìgbà tí owó ṣì dáa ni wọ́n ti gbé e lé iná. Kò ṣeé dá padà.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Intel fúnra rẹ̀ fi DRAM sílẹ̀ ní 1985. Qimonda ti Jámánì kógbá sílé ní January 2009. Elpida ti Japan lọ sílé ẹjọ́ ní February 2012 pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn, Micron sì rà á ní 2013. Ẹni tó bá ń béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé mẹ́ta péré ló kù tó di ọjà DRAM mú, ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ibojì àwọn tó kú.

Rajàrajà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti òdì kejì tábìlì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ra mẹ́mọ́rì fún iléeṣẹ́ kan tó ń to sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń lò ní dátà sẹ́ńtà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀.

Iye tí ẹ ń rí kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, iye ojú ẹsẹ̀ nìyẹn, owó tí àwọn alágbàtà fi ń ra díẹ̀díẹ̀ láàárín ara wọn. Ìdá kékeré ni nínú ọjà. Èyí tó pọ̀ jù ń gba orí àdéhùn kọjá, à ń jókòó dúnàádúrà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, àwọn mìíràn ní oṣooṣù. Ṣùgbọ́n kò sí ìjókòó àdéhùn tí a máa dé tí iye ojú ẹsẹ̀ kò ní wà lórí tábìlì. Bó bá ga ju ti àdéhùn lọ, ẹni tó ń tà ló máa kọ́kọ́ fà á yọ. Bó bá kéré sí i, èmi ni mo máa fà á yọ kí n tó mu omi.

Nígbà tí ọjà kún, ẹni tó ń tà ló ń pè mí. Á bi mí nípa ìdílé, á ní ṣé kò sí iṣẹ́ tuntun kankan tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á ní kí n sọ iye tí mo fẹ́ san. Nígbà tí ọ̀wọ́n bá dé, èmi ni mò ń kọ lẹ́tà, ọjọ́ á gorí ọjọ́ kí èsì tó dé, èsì náà kò sì ní jẹ́ iye tí mo béèrè. Iye tí wọ́n bù fún wa ni.

Nígbà tí mo bá ti mọ̀ pé wọ́n máa gé e, kí lẹ rò pé mò ń ṣe? Bí a bá nílò ẹgbàárùn-ún, mo máa kọ ẹgbàá méje ààbọ̀. Mo tún máa kọ irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kejì. Èyí tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni mo máa mú. Gbogbo ẹni tó wà nínú iṣẹ́ mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń tà náà sì mọ̀ pé à ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ iye tó jẹ́ àsọdùn nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá iléeṣẹ́ chip bá wá ń sọ fún olùdókòwò pé ìbéèrè ọjà ju ohun tí àwọn lè pèsè lọ, ìwé tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi kọ wà nínú ohun tó ń kà.

Ọjọ́ tí ọjà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dé pé pérépéré, a máa fagi lé ìyókù. Ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò sí ìkìlọ̀.

AjéÒkèèrè

Háà. Èyí ò sí nínú ìwé ìròyìn kankan tí mo kà.

ỌmọHBM

Mo gbọ́ ti gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà lẹ ṣì ń sọ. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ HBM.

HBM ni DRAM tí wọ́n to léra wọn bí àjà ilé, 8 tàbí 12, tí wọ́n wá lu ihò tín-ín-tín láti òkè délẹ̀ kí iná lè gba inú wọn kọjá. Òun ni wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ chip AI bíi ti Nvidia. Micron fúnra wọn ti sọ pé iye bíìtì kan náà, bó bá jẹ́ HBM, ó ń jẹ tó ìlọ́po mẹ́ta àwo sílíkọ́nì tí DDR5, DRAM tó tẹ̀ lé DDR4, máa jẹ. Ẹ ronú lé e. Gbogbo HBM tí wọ́n bá tà, ńṣe ni wọ́n ń dín DRAM yòókù kù lórí igbá. Iléeṣẹ́ kò pọ̀ sí i, ọjà tó ń jáde sì ń dín kù.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tà á náà yàtọ̀, ọdún kan ṣáájú ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí àdéhùn. Òun ló mú SK hynix kọjá Samsung nínú owó DRAM ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹwàá 2025, OpenAI, àwọn tó ni ChatGPT, bá Samsung àti SK hynix fọwọ́ sí ìwé lórí ohun tó lè tó 900,000 àwo lóṣù kan. Ní oṣù Kejìlá, Micron kéde pé àwọn ń fi Crucial sílẹ̀, ìyẹn ẹ̀ka tó ń ta mẹ́mọ́rì fún ará ilé lásán, kí wọ́n lè rí ọjà fún àwọn oníbàárà ńlá. Ṣé ẹni tó rò pé ọjà máa kún lọ́la ló máa lé oníbàárà dànù lónìí?

Èmi_Ò_Gbà

> Ṣé ẹni tó rò pé ọjà máa kún lọ́la ló máa lé oníbàárà dànù lónìí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wọn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí nǹkan bá dáa. Èyí tó ń san jù ni wọ́n ń tọ̀ lọ.

Ìwé OpenAI yẹn, ìwé ìpinnu ni. Kò tíì di owó. Iye náà pọ̀ débi pé bí wọn ò bá gba ìdajì rẹ̀, gbogbo ìṣirò ọjà ló máa yí padà.

Lórí HBM, ẹ̀yin ọ̀dọ́ gbàgbé ohun kan. Apá àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ kan náà ló ń ṣe àwo sílíkọ́nì fún HBM àti fún DDR5. Bí owó DDR5 bá lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí èrè rẹ̀ sún mọ́ ti HBM, tí owó HBM sì ti wà nínú àdéhùn ọlọ́dọọdún, kí ni ọ̀gá iléeṣẹ́ máa fẹ́ ṣe? Á fẹ́ dá àwo padà sí DDR5. Ìlọ́po mẹ́ta tó o fi ń yangàn yẹn, bí wọ́n bá yí i padà, ìlọ́po mẹ́ta bíìtì ló máa ya wọ ọjà. Ìdè tó so ìpèsè mọ́lẹ̀ yẹn ṣeé tú.

Ṣáínà náà wà níbẹ̀. CXMT ní Hefei ń ṣe DRAM, YMTC ní Wuhan ń ṣe NAND, mẹ́mọ́rì tó ń tọ́jú fáìlì. Amẹ́ríkà fi YMTC sínú ìwé àwọn tí a kò gbọ́dọ̀ ta ẹ̀rọ fún láìgba àṣẹ ní oṣù Kejìlá 2022, síbẹ̀ kò kú. Ní oṣù Karùn-ún 2023, Ṣáínà náà ní kí àwọn iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ohun èlò pàtàkì orílẹ̀-èdè wọn yé ra Micron. Ọ̀wọ́n gógó tó wà níta yìí ni ẹ̀bùn tó dára jù fún CXMT, torí ẹni tí Samsung kò dá lóhùn máa kan ilẹ̀kùn wọn.

ỌmọHBM

HBM tó péye kò tíì rọrùn fún CXMT, ẹ má fi ìyẹn dẹ́rù bà wá. Kí ẹ sì tó dá àwo padà sí DDR5, ẹ kọ́kọ́ ní láti dójú ti Nvidia. Ta ló máa gbà bẹ́ẹ̀?

Èmi_Ò_Gbà

Lọ́dún yìí, kò sẹ́ni tó máa gbà. Àdéhùn ọdún tó ń bọ̀ ni mò ń sọ.

Ṣàngbá_Fọ́

Ẹ máa fi ọ̀rọ̀ gígùn dá ara yín lágara. Mẹ́ta péré ni wọ́n. Wọ́n ti pàdé nínú yàrá kan, wọ́n ti pín ọjà láàárín ara wọn. Ó tán.

Àgbà_DRAM

Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ rí, ìjọba Amẹ́ríkà sì mú wọn. Infineon san mílíọ̀nù 160 dọ́là ní 2004. Ní 2005, Hynix san 185, Samsung san 300. Micron bọ́ nínú ìtanràn torí pé wọ́n ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọjà kún kẹ́yìn. Micron kéde ní oṣù Kọkànlá 2022 pé àwọn dín àwo tí àwọn ń gbé wọlé kù ní nǹkan bí ìdá 20 nínú 100. Samsung ní àwọn ò ní dín nǹkan kan kù. Oṣù Kẹrin 2023 ni wọ́n tó gbà. Ẹ̀ka chip wọn pàdánù ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tírílíọ̀nù 15 owó won lọ́dún yẹn, SK hynix pàdánù tírílíọ̀nù 7.73. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti pàdé nínú yàrá, ìpàdé ọ̀hún kò lórí.

ÌyáOníṣirò

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó pa á tì, kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu kan ìwé ìṣirò fúnra rẹ̀. AjéÒkèèrè, bí o bá ṣí ìròyìn Micron, má ṣe dúró lórí èrè. Wá ìlà ọjà tó wà nílẹ̀. Wọ́n máa ń pín in sí mẹ́ta nínú àlàyé ẹ̀yìn ìwé: èyí tó ti parí, èyí tó wà lórí iṣẹ́, àti ohun èlò. Èyí tó wà lórí iṣẹ́ lè pọ̀ torí pé HBM ń pẹ́ lórí iná, kò sí ìbẹ̀rù níbẹ̀. Bí èyí tó ti parí bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nígbà tí ọ̀gá ń sọ pé kò sí ọjà, nǹkan ti ń yí.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà nínú 2023. Fún oṣù mẹ́ta tó parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún yẹn, Micron gé bílíọ̀nù 1.43 dọ́là kúrò lára iye ọjà tó wà ní sítọ̀ọ̀, torí òfin ìṣirò kò gbà kó o kọ ọjà sílẹ̀ ní iye tó ju èyí tó o lè tà á lọ. Àwọn èèyàn rí àdánù gọbọi, wọ́n sá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá ta ọjà yẹn lẹ́yìn náà, iye tí wọ́n kọ pé ó ná wọn ti kéré, èrè orí rẹ̀ sì dà bí ẹni pé ó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Àdánù ti 2023 ti gba díẹ̀ lára àdánù tí ì bá dé lẹ́yìn náà, ó sì fi bu ẹwà kún ìṣirò tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá ka àlàyé ẹ̀yìn ìwé máa rò pé iṣẹ́ ló dára sí i tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo máa ń wò kẹ́yìn ni owó ilé àti ẹ̀rọ. Bílíọ̀nù 13.8 ni Micron ná ní ọdún ìṣúná 2025. Ní oṣù Kejìlá 2025, nǹkan bí 20 ni wọ́n ní àwọn máa ná ní 2026. Ìlà yẹn ni mo máa fi ìka tẹ̀.

Àgbà_DRAM

Ìyá ti sọ ọ́ tán, ibẹ̀ ni èmi náà ń wò. Ó yẹ ká fi déètì sí i. Micron ní ilé tuntun wọn ní Idaho máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo jáde ní àárín 2027. Samsung ti padà sẹ́nu kíkọ́ iléeṣẹ́ P5 wọn ní Pyeongtaek, 2028 ni wọ́n ń wò. Ilé ni kò sí báyìí: ibi tó mọ́ tónítóní tí wọ́n lè gbé ẹ̀rọ sí ti kún. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rò pé ìpèsè lè já ọjà lulẹ̀ lójijì ní 2026. Níbi tí mo ti bá ỌmọHBM lọ nìyẹn, kó yọ̀. Bí nǹkan kan bá máa ba 2026 jẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà ló máa ti wá, irú ohun tí Rajàrajà sọ. Láti 2027 lọ, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn ni.

Ọjà ìpín kì í sì í dúró de déètì. Ó máa ń fi nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú rẹ̀, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

AjéÒkèèrè

Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?

Àgbà_DRAM

Èmi kì í ra mẹ́mọ́rì nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń béèrè bóyá kí àwọn rà á. Mo ti rà tèmi nígbà tí wọ́n ń pàdánù. Báyìí mò ń tà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gòkè, mo sì mọ̀ pé màá tà á tán kó tó dé òkè téńté. Kò dùn mí. Iye tó o rà á àti ìgbà tí wàá nílò owó rẹ ló máa sọ tìrẹ, mi ò mọ ìkankan nínú méjèèjì.

ỌmọHBM

Èmi ò ta ẹyọ kan. Ẹni tó tà ní 2017 torí pé "owó ti ga jù" wo bí èrè ṣe tún lọ sókè fún ọdún kan sí i.

Èmi_Ò_Gbà

Ká pàdé níbí ní 2027.

AjéÒkèèrè

Mo ti gbọ́ yín. Mi ò ní rà sí i. Màá ta ìdá kan nínú mẹ́ta kí owó tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lè padà sọ́wọ́ mi, màá sì máa wo ìlà ọjà tó ti parí tí Ìyá sọ yẹn. Rajàrajà, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ló kù: níbi iṣẹ́ yín, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń rí nígbà tí nǹkan bá fẹ́ yí?

Rajàrajà

Ohùn ẹni tó ń tà ni. Nígbà ọ̀wọ́n, ìwé iye owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ kì í pẹ́ kó tó kú. Bó ò bá fọwọ́ sí i kíákíá, wọ́n á ní ó ti yí padà. Nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjọ́ kún un, tí wọ́n ní kò sí wàhálà, ẹ rò ó wò ná, mo máa ń lọ bá ọ̀gá mi pé ká má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa ń béèrè bóyá a fẹ́ àdéhùn ọdún méjì. Ẹni tó ní ọjà tí kò tó kì í bẹ èèyàn kó wá dè é mọ́ra fún ọdún méjì ní iye tónìí, àfi bó bá ń fura sí ọ̀la.

Ní báyìí, ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́yìn, ó ti kú kí ọ̀gá mi tó jẹun ọ̀sán tán.

Ṣàngbá_Fọ́

Ẹ ò rí i? Rà á.

ÌyáOníṣirò

Ṣàngbá, sinmi. Ẹni tó fẹ́ béèrè nípa SanDisk àti Kioxia, ẹ ṣí ojú ìwé tuntun fún un. Àwọn tó ń ṣe NAND pọ̀ ju mẹ́ta lọ, ìṣirò ibẹ̀ kò rí bákan náà.